Àbẹ̀kẹ́ Lábẹ́ Aṣọ Òkè

Obìnrin tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn ló gbé mi padà sí Ìkirè láìmọ̀. Nítorí Tọ́mi la ṣe lọ bá a, ọmọ ọmọ mi tó ti pé ọdún mẹ́ta tí kò tíì pe ẹnikẹ́ni ní màmá tàbí bàbá. Mo rò pé ahọ́n rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kàkà bẹ́ẹ̀, obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá rẹ̀ ní àwọn nǹkan tí kò jọ ọ̀rọ̀ ẹnu rárá. Ṣé ó máa ń di etí tí ẹ bá tan blẹ́ńdà? Ṣé ó máa ń ké tí wọ́n bá ń gẹ irun rẹ̀? Irú oúnjẹ wo ni kì í fẹ́ fọwọ́ kàn? Ṣé ó fẹ́ràn kí ẹ dì mọ́ ọn gbágbá? Ọmọ mi ń dáhùn. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń dáhùn nínú ọkàn tèmi, kì í sì í ṣe nípa Tọ́mi. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀kọ tútù nìkan ló ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, gbágbá. Obìnrin náà yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Mo ní, "Àbúrò mi lẹ̀ ń ṣàpèjúwe."

Ilé wa ní Ìkirè kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, màmá mi ti gbé agbada kaná lẹ́yìnkùlé, nítorí dòdò ni wọ́n ń ṣe tà, dòdò Ìkirè tí gbogbo èrò ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ mọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n títí tó fi rọ̀ la fi ń ṣe é. A óò bó o, a óò gé e wẹ́wẹ́, a óò po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, a óò wá dà á sínú epo pupa tó ti gbóná, epo á sì hó yèè. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn, torí òun ló ń sọ fún mi pé n ó rí èyí tó bá fọ́ jẹ. Níwájú ilé, bàbá mi tí í ṣe tíṣà a máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó lọ sílé-ìwé, àwọn yẹn a máa ka ìṣirò ìlọ́po lóhùn kan bí ẹni pé wọ́n ń bá a jà. Ẹ tún ka ewúrẹ́ àwọn ará ilé kejì mọ́ ọn, àti rédíò wọn tí kì í mú ohùn dáadáa, àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fọn fèrè ní títì, àti obìnrin tó ń kiri ẹ̀kọ. Gbogbo wọn ló ń pàdé nínú àgbàlá wa. Èmi kò mọ̀ pé ariwo ni. Mo rò pé bí àárọ̀ ṣe máa ń rí níbi gbogbo nìyẹn.

Ohùn kan wà tó borí gbogbo wọn, ohùn Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ wọn láti ìta á rò pé òmìrán kan ló wà nínú ilé. Àwọn ló ń kì wá láràárọ̀. A óò kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a fi ọwọ́ méjèèjì di orí wa mú, wọn a gbé ojú wọn sún mọ́ tiwa, wọn a wá gbóhùn sókè. Àjíkẹ́ ni tèmi. Wọn a kì mí títí dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá tí n kò mọ̀, orí mi a máa wú, ara mi a máa ya gágá. Tí mo bá dìde lórí eékún níbẹ̀, kò sí ọmọ tó lè fojú di mí nílé-ìwé lọ́jọ́ náà. Ìyá Àgbà ní ọmọ ilé àwọn kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ kí wọ́n tó kì í. Òjò ìbá máa rọ̀, kí ara wọn má dá, wọn kò ní fo ẹnì kankan.

Àbúrò mi Fúnmi ni wọ́n ń kì ní Àbẹ̀kẹ́. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó ti kúrò lọ́mọ ọwọ́ pátápátá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò ti ń kọrin, wọ́n ti ń purọ́, wọ́n ti ń bú ara wọn. Fúnmi kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Kì í ṣe pé kò gbọ́ èdè. Tí o bá ní kó mú ṣíbí wá, á mú ṣíbí wá, kò kàn ní sọ̀rọ̀ ni. Ó sì ní àwọn ìṣe tó ń mú orí àgbà gbóná. Kò jẹ́ tẹ koríko, àfi kí wọ́n gbé e kọjá. Kò jẹ́ fọwọ́ kan dòdò, nínú ilé ẹni tó ń ṣe dòdò! Tí epo bá kàn án lọ́wọ́ báyìí, á na ọwọ́ náà jìnnà sára bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni, á máa sunkún títí a óò fi bá a fọ̀ ọ́. Ẹ̀kọ tútù ló ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ọbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dirun fún un, gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ̀. Síbẹ̀, tí màmá mi bá pọ̀n ọ́n, tí wọ́n fi ọ̀já so ó mọ́ ẹ̀yìn dan-in-dan-in, ọmọ kan náà yìí á rọ̀ wọ̀ọ̀, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn wọn, á máa mí jẹ́jẹ́. Tí wọ́n bá wá dẹ ọ̀já díẹ̀ kí ara lè tù ú, ìgbà náà ni ìjà á bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè mi pọ̀ ní kékeré. Dúpẹ́ Kí-ló-dé ni wọ́n ń pè mí nílé, Fúnmi ló sì wá di ìbéèrè mi tó tóbi jù. Abẹ́ tábìlì bàbá mi ló fẹ́ràn láti sá sí. Mo máa ń wọ ibẹ̀ lọ bá a, n ó dùbúlẹ̀ tì í, n ó máa gbìyànjú láti gbọ́ ohun tó ń gbọ́. Mo ṣàkíyèsí pé ó máa ń di etí kí ọkọ̀ tó dé. Á di etí, n ó máa retí, n ò ní gbọ́ nǹkan kan. Tó bá wá ṣe díẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù á kọjá ní títì, fèrèsé á máa gbọ̀n. Mo lọ sọ fún bàbá mi pé Fúnmi ń gbọ́ ọkọ̀ láti Wásinmi, ìlú mìíràn lójú títì náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tí kì í gbọ́ nígbà tí mo bá ń pè é, òun ló ń gbọ́ ọkọ̀ láti Wásinmi?" Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn náà. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n máa pe Fúnmi títí tí kò ní bojú wẹ̀yìn. N kò mọ bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe lè jẹ́ òótọ́ nínú ọmọ kan ṣoṣo.

Mo gbé ìbéèrè yẹn kiri títí mo fi di ìyá àgbà kí obìnrin Ìbàdàn yìí tó dá mi lóhùn. Ó ní ariwo tó ń wọ etí ọmọ kan bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn, etí ọmọ mìíràn ló ń wọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fọ́ ilẹ̀kùn. Ó ní etí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má ní àbùkù kankan, pé ọpọlọ rẹ̀ ni kò tíì mọ èyí tó yẹ kó gbà wọlé àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀ níta. Gbogbo rẹ̀ ló ń rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn bàbá rẹ̀, epo tó ń hó, ewúrẹ́, ẹ̀wù tó ń yún un lọ́rùn. Ọmọ tó wà nínú irú ìyẹn kò ráyè wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò sì ráyè dán ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu ara rẹ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo ọmọ tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ o, ìdí nìyẹn tí àwọn fi máa kọ́kọ́ yẹ etí Tọ́mi wò dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi gan-an. Inú sì tún bí mi díẹ̀, pé kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún màmá mi nígbà náà.

Ohun tí wọ́n sọ fún màmá mi ni pé ọmọ náà kọ oríkì. Tó bá kan Fúnmi láàárọ̀, Ìyá Àgbà a di orí rẹ̀ mú bí wọ́n ṣe di tiwa mú, wọn a gbé ẹnu sún mọ́ ọn, wọn a ní, "Àbẹ̀kẹ́!" Kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ tí Fúnmi á fi figbe ta. Á di etí, á fi orí gbá wọn láyà, á sá wọ abẹ́ tábìlì. Ọ̀rọ̀ yìí dun Ìyá Àgbà dé egungun. Wọ́n ti rí ọmọ tó kọ oúnjẹ, wọ́n ti rí ọmọ tó kọ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò rí ọmọ tó kọ oríkì rí. "Ìyá Dúpẹ́, kí ni mo ṣe fún ọmọ yìí?" ni wọ́n máa ń bi màmá mi. Màmá mi á ní, "Ẹ má bínú, Màámi. Ọmọdé ló ń ṣe é." Ní ọjọ́ kejì, wọn a tún gbóhùn sókè ju ti àná lọ, torí wọ́n rò pé bóyá kò gbọ́ tàná dáadáa ni.

Àwọn náà ló mú ọ̀rọ̀ agogo wá. Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọmọ tó bá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń fún un lómi mu nínú agogo, kí ohùn agogo lè bá omi wọ̀ ọ́ lára. Agogo ilé-ìwé sì wà níkàáwọ́ bàbá mi, agogo idẹ ńlá tó ní ọwọ́ igi, èyí tí wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ wọlé. Bàbá mi kọ́kọ́ kọ̀. "Màámi, kí ni kí n sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé?" Ìyá Àgbà ní, "Sọ fún un pé ọmọ rẹ fẹ́ sọ̀rọ̀." Ní ọjọ́ Ẹtì kan, bàbá mi gbé e bọ̀ wálé. Wọ́n ti fi aṣọ òtútù wé e nínú àpò kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀, àmọ́ gbogbo ìgbésẹ̀ wọn ni agogo náà ń dún gbọ̀n-ọ̀n, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì tò tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Ká ní omi lásán ni wọ́n bù sí i, bóyá ọ̀rọ̀ náà ìbá kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá Àgbà ní kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó fẹ́ mu. Wọ́n dì í mú lẹ́sẹ̀, wọ́n mi agogo náà sí i létí. N kò lè ṣàpèjúwe igbe tí Fúnmi ké. Ó gé Ìyá Àgbà jẹ lápá, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bì síbẹ̀, a kò sì rí i fà jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ẹni tó rántí omi inú agogo mọ́. Èmi ni mo mu ún níkẹyìn, torí mo fẹ́ mọ bó ṣe rí lẹ́nu. Ó ń rùn bí owó kọ́bọ̀. Bàbá mi máa ń sọ títí tí wọ́n fi dolóògbé pé omi yẹn ló gbé mi débi tí n kò fi lè pa ẹnu mọ́.

Bó ṣe gé Ìyá Àgbà jẹ yìí ló mú Ìyá Àpòmù wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni wọ́n, Àpòmù ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n fẹ́ràn wa, wọn kì í wá lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ìkẹ́ ló dí ọmọ náà lẹ́nu. Wọ́n sọ fún bàbá mi pé, "Sámúẹ̀lì, ẹ̀ ń kẹ́ ẹ jù. Ohun tó bá ti nàka sí lẹ̀ ń gbé fún un, kí ló máa wá fọ̀rọ̀ ṣe? Ẹ jẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Àwọn ọmọ pọ̀ ládùúgbò mi. Á sọ̀rọ̀ dandan ni, tipátipá." Oyún wà nínú màmá mi, iṣẹ́ dòdò kò dúró, ó ti rẹ bàbá mi, ojú sì ń tì wọ́n pé ọmọ tíṣà ni kò lè fọhùn. Níkẹyìn, wọ́n ní tí Ìkórè bá kọjá tí Fúnmi kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kan, kó máa bá ẹ̀gbọ́n àwọn lọ. Màmá mi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọn kò gbójú sókè.

Èmi mọ ilé Ìyá Àpòmù. Ẹ̀rọ ìlọta ló wà níwájú rẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń ké. Tí mo bá lọ lo ìsinmi níbẹ̀, a máa ń pariwo kí a tó lè gbọ́ ara wa nídìí oúnjẹ. Mo sì ti wà pẹ̀lú màmá mi lọ́jọ́ tí wọ́n pọn Fúnmi gba iwájú ibi tí wọ́n ti ń lọ ata ní Ìkirè níbí. Ó sunkún débi tí èémí rẹ̀ ń dá dúró. Ẹ wá ro ẹni tí yóò máa sùn, tí yóò máa jí síbẹ̀. Ọmọdé ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí Fúnmi bá dé Àpòmù, a kò ní rí i mọ́ bó ṣe wà, àní bó bá tiẹ̀ ń mí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ojú kan ni mo máa ń sùn sí pẹ̀lú rẹ̀ lórí ẹní, n kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń sùn láìsí ẹsẹ̀ rẹ̀ lára mi.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dán nǹkan wò. Mo fi òwú dí i létí, ó yọ ọ́ sọnù. Mo fún un ní búrẹ́dì pé bóyá á jẹ ohun mìíràn yàtọ̀ sí ẹ̀kọ, ó tọ́ èèpo rẹ̀ wò, ó da gbogbo rẹ̀ nù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá àti màmá mi pẹ̀lú Ìyá Àgbà lọ ṣètò Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù wa. Ẹ mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ lórí páànù ìgbà náà tí kò sí sílíǹgì lábẹ́ rẹ̀. Fúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń fi orí gbá ògiri. N kò mọ ohun tí mo lè fi bò ó létí mọ́. Mo ṣí àpótí màmá mi, mo kó aṣọ òkè ìgbéyàwó wọn jáde, ìró, ìborùn àti gèlè, mo tún fa agbádá bàbá mi mọ́ ọn. Aṣọ òkè àtijọ́ ni, tó nípọn, èyí tí ọmọdé kò lè dá gbé. Mo wọ́ ọ, mo da gbogbo rẹ̀ lé Fúnmi lórí.

Igbe náà dá. Ẹ̀rù tún wá bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo rò pé mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo gbé etí aṣọ sókè. Ojú rẹ̀ là kedere, ó ń wò mí, ó sì na ọwọ́ ó fa aṣọ náà padà bo ara rẹ̀. Èmi náà wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Òkùnkùn ló wà níbẹ̀, òórùn káńfọ̀, òjò sì dàbí ẹni pé ó ti sún kúrò nílé wa lọ sí ilé ẹlòmíràn. Mo gbé àyà mi lé ẹ̀yìn rẹ̀, mo dì í mú. N kò mọ ohun tí mo lè sọ, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, oríkì tí Ìyá Àgbà ń kì í láràárọ̀, torí òun nìkan ni mo mọ̀ lórí tó jẹ́ tirẹ̀. Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni mo ń kì í, mi ò gbóhùn sókè rárá. Nígbà tó yá, mo gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀yìn rẹ̀. Àyà mi ni mo fi gbọ́ ọ, kì í ṣe etí. Ó pa ẹnu mọ́, ó ń kùn. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn òkè. Àbẹ̀kẹ́. Ó dúró díẹ̀, ó tún kùn ún. Ara mi bù máṣọ. Mo rò ó pé, ọmọ yìí ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń wí.

Màmá mi kọ́kọ́ nà mí nítorí aṣọ òkè. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ráyè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tí mo sì bẹ Ìyá Àgbà pé kí wọ́n bá mi kì í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ aṣọ. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí n máa kì ọmọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́? Ṣé mo jí i gbé ni? Oríkì tí ará ilé kejì kò gbọ́, ṣé oríkì nìyẹn, Dúpẹ́?" Mo ní, "Ìyá, ó kùn ún lóhùn. Mo gbọ́ ọ." Wọ́n ní kí n lọ fọ abọ́. Màmá mi wà níbẹ̀, wọ́n ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n tún ń gé e lọ.

Ìkórè dé, ó kọjá. A kọrin, a fi iṣu àti adìẹ ta lọ́rẹ, Fúnmi kò sì fọhùn. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àpòmù dé pẹ̀lú takisí. Màmá mi ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò kékeré kan, wọ́n di ẹ̀kọ púpọ̀ mọ́ ọn, bí ẹni pé wọn kì í ta ẹ̀kọ ní Àpòmù. Awakọ̀ kò pa ẹ́ńjìnnì. Bí Fúnmi ṣe gbọ́ ọ ló ti sá wọ abẹ́ tábìlì. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fà á lẹ́sẹ̀, ó ń ké, Ìyá Àpòmù ń sọ pé, "Ẹ fà á jẹ́jẹ́, ẹ fà á jẹ́jẹ́." Ìgbà náà ni màmá mi jáde láti inú yàrá pẹ̀lú aṣọ òkè lọ́wọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà, àwọn àti oyún. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Kó tó lọ, ẹ bá mi kì í. Bí Dúpẹ́ ṣe wí." N kò rí i rí kí màmá mi sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe fún ìyá ọkọ wọn. Ẹ̀rù bà mí pé Ìyá Àgbà máa bínú. Wọ́n wo màmá mi, wọ́n wo ojú ibi tí ọmọ ti gé wọn jẹ lápá. Wọ́n ní, "Dìde nílẹ̀. Ẹ ṣí agbada yẹn kúrò lórí iná."

Màmá mi gbé agbada kúrò. Bàbá mi jáde lọ bẹ awakọ̀ kó pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ tó ń ka ìlọ́po dákẹ́. Ẹnì kan lọ bẹ ará ilé kejì nítorí rédíò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ bí àgbàlá wa ṣe rí tí kò bá sí ohùn kankan nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀, orúnkún wọn ró, wọ́n rá wọ abẹ́ tábìlì, màmá mi sì fi aṣọ òkè bo àwọn méjèèjì. Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà nìkan la ń rí. A kò gbọ́ nǹkan kan. A dúró títí. Ìyá Àpòmù rọra bi mí pé, "Ṣé wọ́n ń kì í ṣá?" Mo ní n kò mọ̀. Lóòótọ́, n kò mọ̀. Ohun tí Ìyá Àgbà sọ lábẹ́ aṣọ yẹn, àwọn àti Fúnmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wá ṣe, a gbọ́ ohùn kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ rí. Ó há, ó nípọn, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Tún kì."

Kò fi ọ̀wọ̀ sí i rárá. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn ìbá gbá ọmọ tó bá fi irú ẹnu bẹ́ẹ̀ bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ létí. Ẹkún ni Ìyá Àgbà ń sun lábẹ́ ibẹ̀, a rí i lára aṣọ tó ń mì. Ohùn náà tún ní, "Tún kì." Bàbá mi jókòó lórí àpò ẹrù náà. Ìyá Àpòmù fi gèlè nu ojú. Wọ́n dìde, wọ́n fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn jáde kí bàtà wọn má baà dún, wọ́n lọ sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ.

Fúnmi kò di ẹlẹ́nu láti ọjọ́ náà, kí n má parọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń dé, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, lábẹ́ aṣọ ná, lẹ́yìn náà lórí ẹ̀yìn màmá mi, lẹ́yìn náà níta. Màmá mi gbé ìdáná dòdò lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà. Bàbá mi kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ sí abẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Àgbà ń rá wọ abẹ́ aṣọ láràárọ̀ títí orúnkún wọn fi kọ̀ fún wọn, àwọn ará àdúgbò sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé wọ́n ń kì ọmọ ní bòókẹ́lẹ́. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Fúnmi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kàwé, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó sì ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ìkirè-Ilé ló kọ́lé sí, jìnnà sí títì. Títí dòní, ẹ̀kọ rẹ̀ kì í gba ọbẹ̀ mọ́ra, kì í sì í lọ sí ibi tí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta.

Nígbà tí a ti Ìbàdàn dé, mo lọ bá a, mo ro gbogbo ohun tí obìnrin náà sọ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí Tọ́mi máa lọ sọ́dọ̀ obìnrin yẹn, kó má ṣe fi ọjọ́ kankan sílẹ̀." Ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé nǹkan kan jáde tó fi àyà gbá mọ́ra. Aṣọ òkè màmá wa ni. Etí rẹ̀ ti tú, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Mo rò pé inú àpótí ló wà láti ìgbà náà wá, àṣé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ti ká a. Ó ní kí n gbé e fún Tọ́mi, òun ti dàgbà tó láti sùn láìsí i. Irọ́ ló ń pa. Mo rí bó ṣe ń wo ọwọ́ mi nígbà tí mò ń gbé e sínú ọkọ̀. Mo bú sẹ́kún lójú ọ̀nà, n kò sì fi bò.

Ní ọ̀sán àná, mo da aṣọ náà bo èmi àti Tọ́mi lórí ẹní. Òórùn káńfọ̀ ti kúrò lára rẹ̀, òórùn Fúnmi ló kù. Mo gbé ọwọ́ mi lé ẹ̀yìn ọmọ náà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, mo kì í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, Àkànní ọmọ ilé wa, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá tí èmi náà kò mọ̀. Nígbà tí mo parí, mo gbé ọwọ́ kúrò, mò ń retí. Kò sọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn nínú òkùnkùn, ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, ó fà á padà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo tún kì í.